Ìyá Eléwé Jallah Town, Tó Ṣi Ọ̀rọ̀ Kan Gbọ́

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyá àgbà mi ní Jallah Town, ládùúgbò Monrovia ní Làìbéríà níbí, ẹ mọ̀ pé kì í jẹ́ kéèyàn parí ọ̀rọ̀. Bí o bá ní, "Ìyá, inú ń run mí láti ìjẹta, ó sì..." ọwọ́ rẹ̀ á ti wà nínú agbọ̀n, á ní, "Mo ti gbọ́." Nígbà tí pásítọ̀ wa wá gbàdúrà fún un lórí ibùsùn ní ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn láyé, àdúrà náà gùn díẹ̀. Ìyá la ojú kan, ó wo ọkùnrin náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Pásítọ̀, Ọlọ́run ti gbọ́." Gbogbo wa fi gèlè bo ẹnu. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ló sùn tí kò jí mọ́.

Èmi Àjọkẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀, ni mò ń kọ èyí. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn ló ń fà mí lọ́wọ́ kọjá títì báyìí. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe ní Gardnersville títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò ní sọ ìtàn Ìyá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ọdún tí wọ́n bí òun. Bí ẹnì kan bá bi í, á ní, "Mo ti dàgbà tó láti má ṣe dáhùn." Ohun tí mo bá rántí ni n ó máa mú, bí ẹni tó ń ṣa ewé lẹ́yìn òjò.

Èjìgbò ni wọ́n ti bí i. Ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ gba Abidjan dé Monrovia nígbà tí ìyá mi ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ kú, ó sì jókòó ti iṣẹ́ tí ìyá tirẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Lékulẹ́jà ni: ewé, egbò, èèpo igi, àgúnmu. Ṣọ́ọ̀bù páànù kékeré kan ló ní, ẹ ó ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Kò fẹ́ rí láílọ́nù sójú. Bí oníbàárà bá na láílọ́nù sí i, á fà á lọ́wọ́ rẹ̀, á wé ewé náà sínú bébà àlòkù, á ní, "Ìwọ náà lọ sùn sínú láílọ́nù, kó o wá sọ fún mi bí o ṣe jí."

Kì í gbà pé òun ṣe àṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí. Lọ́jọ́ kan, ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A jókòó tì í, a ń mu omi, a ń wojú ara wa. Ó tọ́ ọbẹ̀ náà wò, ojú rẹ̀ kò yí padà rárá. Ó ní, "Ẹnu yín ni iyọ̀ ti pọ̀ jù."

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Làìbéríà, tí àwọn èèyàn ń padà sílé tí ọta ìbọn ti lu ògiri rẹ̀, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹni tó bí mẹ́rin nínú ogun, tó sìn méjì, kò fẹ́ gbọ́ igbe ìkókó fún ọdún mélòó kan. Ilé ìwòsàn tó ti padà ṣí kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ ni kò sì fẹ́ gbọ́ pé ìyàwó òun lọ gba abẹ́rẹ́ ìfètò sọ́mọ bíbí. Ewé kò ní káàdì tí ọkọ lè rí lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìyá a máa di ewé fún wọn, wọn a máa bá tiwọn lọ.

Orí èyí ni èmi àti òun ti máa ń jà. Gbogbo Sátidé tí mo bá lọ kí i, a ó jẹun, a ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ìjà yóò bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n mu?"

"Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n."

"Ewé tí wọ́n ká nínú òjò àti ewé tí wọ́n ká nínú ọ̀dá, ṣé agbára wọn dọ́gba?"

"Ìwọ tí mo fi àgbo wẹ̀ títí o fi fẹsẹ̀ rìn, ìwọ lo wá ń bi mí léèrè iṣẹ́?"

"Ìwẹ̀ nìyẹn, Ìyá. Èyí tí wọ́n ń gbé mì ni mò ń sọ."

"Tiyín ńkọ́? Ṣé kì í da oṣù wọn rú? Ṣé kì í mú òmíràn sanra bí àpò ìrẹsì?"

"Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bó bá da ara rú, a mọ ohun tí a ó ṣe sí i."

N kò pa ohunkóhun mọ́ fún un. Mo sọ fún un nípa obìnrin tí aládùúgbò rẹ̀ fún ní èso lárà gbé mì, tó bì, tó ṣu, títí ojú rẹ̀ fi wọ inú, tí díẹ̀ ló kù kí a pàdánù rẹ̀. Mo sọ nípa èyí tó ń mu káún àti ọsàn wẹ́wẹ́ títí kíndìnrín rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Mo sọ nípa ìyàwó ilé kan tó fi ọdún kan jẹ hóró ìbẹ́pẹ láràárọ̀, tó wá bá mi pé afẹ́fẹ́ kún inú òun. Mo gbọ́wọ́ lé ikùn náà, afẹ́fẹ́ náà sì ta mí nípàá. Oyún oṣù márùn-ún ni. Ìyá rẹ́rìn-ín èyí títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó sì jẹ́ pé aládùúgbò wa kan bí ìbejì pẹ̀lú òrùka ìdènà oyún lọ́wọ́, tó ń ṣépè fún ẹni tó ṣe òrùka náà, Ìyá ní kó fi ẹni tó ṣe é lọ́rùn sílẹ̀. Ó ní, "Òrùka ò jẹ̀bi. Ìka ló wà, ọmọ ò gba ìka wọlé."

Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fi ẹ̀rín tú ìjà ká, n ó sì padà sí Gardnersville láìrí nǹkan kan gbà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó sọ ohun tó ń dì fún wọn fún mi, kí n lè mọ̀ bí wọ́n bá gbé ẹnì kan wá. Kò gbà. Ìyá rẹ̀ ti mú un búra lórí ibùsùn ikú pé ẹni tí kò bá jókòó ti igbá ewé kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ó ní, "Àjọkẹ́, o lè gba ẹ̀wù ọrùn mi. Èyí, rárá."

Mọ́nìkà ló wá yí ọ̀rọ̀ padà.

Bàbá Mọ́nìkà jẹ́ tíṣà ìṣirò láti Ọ̀yọ́, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Làìbéríà. Ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ sí báǹkì kan ní Broad Street. Ohun tí àwọn èèyàn kò mọ̀ ni pé oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Èmi mọ̀, torí ọ̀dọ̀ mi ló ń wá. Lọ́jọ́ Túsìdé ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo sọ fún un pé ẹ̀kẹta ti wà níbẹ̀, ó ti lé ní oṣù méjì. Ó jó nínú yàrá àyẹ̀wò mi títí tí mátírọ̀nì fi kan ilẹ̀kùn.

Ayọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn, ẹ̀rù náà kò jẹ́ kó sùn. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ó wá sí Jallah Town bá Ìyá, kó bá òun fi ewé kún ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe. Èrò pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́:

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kó dúró. Ó ti..."

"Mo ti gbọ́," ni Ìyá wí. Ó di ewé, ó ní kó sè é, kó mu ún ní gbígbóná.

Ẹ jẹ́ kí n dá ẹsẹ̀ dúró níbí, kí n ṣàlàyé. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Monrovia, Gẹ̀ẹ́sì ló ń ru Yorùbá wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọ bíbí dáwọ́ dúró, wọ́n á ní, "Ìyá, I want it to stop, mo fẹ́ kó dúró." Ọdún ń gorí ọdún, etí Ìyá ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè yìí mọ̀ pé bí obìnrin bá ní òun fẹ́ kó dúró, oyún ló fẹ́ kó dúró sínú, kó má wálẹ̀. Bàbá Mọ́nìkà kì í jẹ́ kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bá òun sọ̀rọ̀ nílé. Yorùbá Ọ̀yọ́ ni ọmọ náà sọ. Àwa tí à ń pariwo pé àwọn ọmọ wa kò gbọ́ èdè, lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ bó ṣe yẹ, àwa ni a kò gbọ́ ọ.

Ọ̀sán ni mo dé. Ìyá ń gbọn ìdọ̀tí inú agbọ̀n.

"Ọmọ Tíṣà wá lónìí," ó ní.

"Mọ́nìkà? Kí ló wá ṣe?"

"Ohun tí ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ń wá ṣe. Iṣẹ́ báǹkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ni kò fẹ́ kí oyún dà rú. Mo ti di ewé fún un."

Àpò bọ́ lọ́wọ́ mi. N kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó wá bá mi síta, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀nà mìíràn lọ́jọ́ yẹn.

"Ìyá, kí ló sọ gan-an? Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ fún mi."

"Ó ní, 'Mo fẹ́ kó dúró.'"

"Ṣé ó fi Gẹ̀ẹ́sì sí i?"

Ó ronú. "Rárá."

"Ìyá, ó ti lóyún. Ẹ̀kẹta nìyí, méjì ti bàjẹ́. Yorùbá ló sọ fún yín."

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ inú rẹ̀ lọ. Ó dìde. Kò wá bàtà.

Mo pe fóònù Mọ́nìkà, kò wọlé. A wọ takisí, a kò tíì rìn jìnnà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fi mú wa, mọ́tò kan kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ìyá ṣí ilẹ̀kùn. Ó sọ̀kalẹ̀ sáàárín títì, ó na ọwọ́ sí pehn-pehn, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kadà níhìn-ín. Ìyá tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí nǹkan náà ti dé ìlú ló ti ń bú u! Ó ká ìró dé orúnkún, ó gun ún bí ọkùnrin.

"Ol' Ma, you sure?" ni ọlọ́kadà ń bi í.

"My son, I ask you question? Move from here!"

Èmi gun òmíràn tẹ̀lé e. Àwọn obìnrin tó ń tajà lẹ́bàá títì ń pàtẹ́wọ́: "Ol' Ma, hold him tight-o!" Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Gèlè rẹ̀ tú, ó fi eyín dì í mú.

Nígbà tí a wọ àgbàlá Mọ́nìkà ní Gardnersville, ó jókòó ti àdògán eléèédú, ife wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ kó lè tutù. Ìyá kò kí i. Ó gbá ife náà dànù.

"Mélòó lo ti mu?"

"Ẹnu méjì péré ni, Ìyá. Ó korò. Ẹ ní kí n mu ún ní gbígbóná..."

"Kí lo ní o fẹ́ kó dúró?"

"Oyún inú mi ni, Ìyá. Kó má lọ bí àwọn tó kù."

Orúnkún Ìyá kan ilẹ̀. Níwájú ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí. Ó ní, "Mọ́nìkà, òdì kejì ni mo fún ọ. Etí mi ló ṣì ọ́ gbọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi."

N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Kò sì dúró sunkún. Ó da omi ìkòkò nù, ó kó gbogbo ewé inú rẹ̀ sínú gèlè rẹ̀, ó dì í, omi ń kán sí i láyà títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Mátírọ̀nì wa, obìnrin Làìbéríà tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré, mú ìwé. "Ol' Ma, what-thing inside?"

Mo wo Ìyá. Mo mọ ìbúra náà. Mo mọ̀ pé bó bá dákẹ́, a ó máa tọ́jú Mọ́nìkà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ó tẹ́ gèlè náà sórí tábìlì funfun yẹn. Ó mú ewé kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, mo ń túmọ̀, mátírọ̀nì ń kọ. Ewé mẹ́ta, egbò kan, èèpo igi kan. Nígbà tí a kò rí ìtumọ̀ fún èèpo náà, ó ní, "Ẹ mú mi lọ sídìí igi náà, n ó fi ọwọ́ mi kàn án fún yín." Nígbà tó parí, ó sọ fún mi pé, "Ìyá mi á gbọ́ lọ́run. Jẹ́ kó gbọ́."

Mátírọ̀nì pe dókítà. Dókítà ní èèpo yẹn ló yẹ kí a ṣọ́, ó sì sọ ohun tí a ó máa wò. Inú Mọ́nìkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un kó tó di ìrọ̀lẹ́. A mọ ohun tí a ń bá jà, a sì ti múra dè é. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti Sátidé di Mọ́ńdè, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun lọ sílé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ìfúnnú náà lọ, ẹ̀jẹ̀ kò wá. Mo ní, "Ìyá, ó wà níbẹ̀." Ó bi mí pé bí Mọ́nìkà bá mu ife náà tán ńkọ́? Mo ní n kò mọ̀, dókítà náà kò mọ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Ohun tí o ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí nìyẹn, àbí? Pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀."

Oṣù pé, èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀. Obìnrin ni, ó ké kí orí rẹ̀ tó jáde tán. Ìyá ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó hó yèè tí àwọn aláìsàn fi dìde lórí ibùsùn. Bàbá Mọ́nìkà sọ ọmọ náà ní Dúrójayé, ó wá yíjú sí Ìyá níwájú gbogbo èrò, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ èyí dáadáa?" Ìyá ní, "Tíṣà, tún un pè, kí ó dá mi lójú."

Àwọn èèyàn á ní ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Kò tán. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin Yorùbá tó tẹ̀ lé e, Ìyá dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́, ó sì ní láti ọjọ́ náà lọ, òun kò ní di ewé ìdènà oyún fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní, "Ewé ń wo ibà, n kò ní purọ́ mọ́ ewé. Ṣùgbọ́n èyí tó lágbára láti dá ọmọ padà, ó lágbára láti mú ìyá lọ. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá sì ti mu ún, ẹ má purọ́ fún nọ́ọ̀sì."

Ìyá Ramọ́tà, tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kọjú sí ti Ìyá, tí òun náà ń ta ewé, fò dìde. "Háà, Ìyá! Ẹ tú àṣírí iṣẹ́ fún àwọn alábẹ́rẹ́ wọ̀nyí! Ẹ ti ta ilé! Ẹni tó ta ilé ni ẹ ó máa jẹ́ títí láé!"

Ìyá ní, "Orí ọmọ ni mo tà á fún, Ìyá Ramọ́tà. N kò tíì rí oníbàárà tó jù ú lọ."

Láti ọjọ́ náà, obìnrin yẹn kò kí i mọ́. Wọ́n kọjú síra wọn lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òjò ń rọ̀ sí wọn, oòrùn ń pa wọ́n. Àwọn kan nínú oníbàárà Ìyá rékọjá sí òdìkejì. Ìyá kò bínú. Gbogbo Wẹ́sìdé ló ń wọ mọ́tò wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn wa, tó ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀, tó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, tó ń tì wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wá ra ewé ibà gan-an, á ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá, kó sọ ọ́ ní Kolokwa, Gẹ̀ẹ́sì ẹnu ìta Monrovia, lẹ́yìn náà kó fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún.

"Ìyá, ibà lásán ni!"

"Fọwọ́ kàn án. Etí ti ṣe mí rí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, àgbàlá kún. Àwọn obìnrin tí n kò mọ̀ rí ń mú mi lọ́wọ́, wọ́n ń sọ fún mi pé Ìyá ló tì wọ́n wọlé. Wọ́n ń kọrin nínú pálọ̀, pósí wà láàárín wọn. Èmi jókòó síta kí n lè rí afẹ́fẹ́. Ìyá Ramọ́tà wọ àgbàlá láti ẹnu ọ̀nà, ó ti tẹ̀, ó fi ọ̀pá rìn, ó gbé dìpọ̀ kan mọ́ra. Àwọn tó mọ̀ ọ́n yà fún un. Ó jókòó tì mí, kò kí mi.

"Àjọkẹ́, ṣé bíírò wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ó tú dìpọ̀ náà sórí itan rẹ̀. Ewé gbígbẹ, èèpo, egbò.

"Èyí tí mo ń fún àwọn tí kò fẹ́ lóyún nìyí. Kọ ọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì tí o kọ́, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bá jà bí wọ́n bá gbé ẹnikẹ́ni wá. Èmi náà ti dáwọ́ rẹ̀ dúró."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ òní, Ìyá?"

Ó wo inú pálọ̀, níbi tí orin ti ń gòkè.

"Mo ní ẹni tó ta ilé ni yóò máa jẹ́ títí láé. N kò fẹ́ kó nìkan jẹ́ orúkọ náà lọ sọ́run."

Mo wá bébà. Ó mú ewé àkọ́kọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí."